Ìyeyè Ẹ̀yìnkùlé Màmá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júùnù 1999
Mo lọ já ewé nílé Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ní Fọlá Àgoro. Òjò winniwinni. Ìyeyè ẹ̀yìnkùlé wọn nìkan ni mo mọ̀ tí èso rẹ̀ kì í kan rárá – ó ń dùn ni. Ohun tó mú un dùn ni mo fẹ́ wá nínú ewé rẹ̀, òun ni mo fẹ́ fi gba másítà. Bùọ̀dá Moshood, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fẹ́ gé e, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Màmá ní, "Jẹ́ kí Shakirat ṣe tiẹ̀ tán ná."

Ọjọ́rú, 9 Júùnù
Ní lábù yunifásítì, mo gbé odó kékeré lé yìnyín, mo gún ewé náà kúnná. Mo pín in sí mẹ́ta: ti DNA, ti púrótéènì, ti ṣúgà. Dókítà Adébọ̀dé tó ń darí iṣẹ́ mi – Awò-Nípọn la ń pè wọ́n nítorí awò ojú wọn – ní kí n sá díẹ̀ lára ewé náà, kó gbẹ sílẹ̀. Mo ní ó dáa, sà. Mi ò sá a. Ṣebí fìrísà wà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júùnù
DNA jáde! Mo da ọtí lábù tó tutù lé e, ó léfòó bí òwú funfun. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú lábù. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí fìrísà.
Mo yà kí Màmá. Wọ́n ní ṣé mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà lára igi. Mo ní, "Mo ti gbà á tán, Màmá. Ó ti wà lọ́wọ́ mi." Inú mi ló dùn jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Júùnù
Ara ń ro mí. Mi ò kúrò nílé mi ní Pedro.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júùnù
Iná ti lọ láti Ẹtì. Omi kún abẹ́ fìrísà. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bàjẹ́, ọ̀kan ń rùn.
Awò-Nípọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé èyí tí mo sá dà. Wọ́n ní kí n lọ já òmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Júùnù
Igi ti lọ. Sátidé ni wọ́n gé e. Àwọn oníbúrẹ́dì ti kó o lọ dáná. Wọ́n ti da kerosín sí gbòǹgbò, wọ́n ti finá sí i. Bùọ̀dá Moshood ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún Màmá pé o ti gbà á tán? Àwọn ló ní ká máa gé e." Kò sí ìjà lẹ́nu rẹ̀.
Ẹ̀ka ìyeyè, téèyàn bá ti rì í mọ́lẹ̀, híhù ló ń hù. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi – mi ò ri ẹyọ kan.

Ọjọ́rú, 16 Júùnù
Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júùnù
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ wọn ò dúró. Wọ́n wá ní, "Àkọ́bí mi wà lábẹ́ igi yẹn."
Gbogbo wa ló mọ Bùọ̀dá Moshood sí àkọ́bí. Wọ́n ní rárá. Obìnrin ni. Kò tó ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó fi kú. Bàbá àgbà sin ín, ó sì gbin ìyeyè lé e lórí.
"Ǹ bá má gbà fún wọn," ni wọ́n wí. "Mo rò pé nǹkan rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ ni."
Mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní kí n má sọ fún Bùọ̀dá Moshood.
Lọ́la ni wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà.