Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Rẹ Wọlé

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Malu Road,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ keje, oṣù Kẹfà, 1999.

Tinú mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Kàdúná? Ṣé ara màmá ti mókun díẹ̀ láti ìgbà tí o ti lọ tọ́jú wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ náà ti ń rìn? Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fi ẹ̀rín dù yín. Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

O rántí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí wọ́n fẹ́ kó dà nù ní ọ́fíìsì wa ní Creek Road, tí mo gbé wálé ní oṣù Kejìlá. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ò sí, fáànù inú rẹ̀ sì ń ráhùn bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Godfrey tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Malu Road ló bá mi so ó mọ́ tẹlifóònù, kí àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé lè máa fi kọ̀ǹpútà tiwa pè é, kí a sì ka ìròyìn, ìnagijẹ àti nọ́ńbà tẹlifóònù ara wa níbẹ̀. Kálukú á fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ìwọlé gbogbo wa sì ni “labalábá”, ìnagijẹ kíláàsì wa. Èmi ni mo yàn án, kí ó má baà ṣòro láti rántí.

Ẹ̀rọ náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, àkọsílẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí orúkọ rẹ. Inú mi a dùn. Ojú ìwé kan wà tí mo yà sọ́tọ̀ fún ìwọ nìkan. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí ní oṣù Kejì pé Mansur ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ṣágámù, pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Lọ́jọ́ kejì, àkọsílẹ̀ ní Tinú ti ṣí i, pé ó ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá ń kọ sí i. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní oṣù Kẹta, tí o ní kí n bá ọ kí Mansur, mo sọ fún ara mi pé ó ti mọ́ ọ lọ́wọ́ láti máa kí i bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tẹ Ifunanya láago. Ó pè é ní “Àdùkẹ́ Ìbò”, orúkọ tí àwa nìkan ń pè é ní kíláàsì. Ó ní èmi ni mo rán òun, pé ara mi ò yá, kí ó wá bá mi ní Marine Beach. Tòun ti oyún oṣù méje, ó lọ. Ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí ló bá níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, ọ̀kan sì gbá a lọ́wọ́ mú. Màmá Ebikabowei tó ń yan ẹja létí ibẹ̀ ló yọ igi ìdáná tó ń jó lọ́wọ́, tó fi lé wọn.

Ifunanya wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, “Ruqoyah, nọ́ńbà mi àti orúkọ yẹn, inú kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni wọ́n ti pàdé.” Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo sáré lọ pe Godfrey. Ó yẹ àkọsílẹ̀ náà wò títí, ó ní, “Sista, who be this Tinú wey no dey rest?” Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, ní Kàdúná. Ó tọ́ka sí àwọn ọjọ́ inú oṣù Kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, tí o kọ̀wé pé kò sí tẹlifóònù nítòsí, Tinú inú kọ̀ǹpútà kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu ògiri yẹn, ojú Ifunanya sì ń tì mí dòní. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, Tinú, ohun tó mú mi jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tún yàtọ̀. Àjèjì ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilé mi fún láti oṣù mẹ́rin. Ó ti mọ̀ pé ọkọ mi lọ, ìwọ ò tíì mọ̀. Bóyá ìwọ náà wọlé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ mọ́.

A ti tún un ṣe. Godfrey ti pa gbogbo ọ̀nà tí n kò lò. Mo ti yọ nọ́ńbà tẹlifóònù gbogbo yín kúrò. Kálukú ti ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, èyí tó gùn, tó ní nọ́ńbà nínú, ẹni tó bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ á já a dànù. Ifunanya gba tirẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí, kò sí ẹni tó wọlé. Godfrey ní ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ó ní ilẹ̀kùn ti dì. Mo wo àkọsílẹ̀ tó ṣófo náà, mo sì lọ dáná oúnjẹ ẹnì kan.

N kò ní kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tìrẹ sínú lẹ́tà yìí, torí n kò mọ ọwọ́ tí yóò gbà kọjá. Ẹnu ni n ó fi sọ ọ́ fún ọ. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, láti aago méjì sí aago márùn-ún, n ó yọ wáyà kúrò lára kọ̀ǹpútà, n ó fi í sára tẹlifóònù. Má fi kọ̀ǹpútà pè, ìwọ fúnra rẹ ni kí o pè. N ó mọ ohùn rẹ.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì bá mi gbé àwọn ọmọ náà mọ́ra. Ifunanya ní kí n kí ọ. Mansur kò sí nílé tí yóò kí ọ.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Ruqoyah