Ará Alájùẹ Tí Kì Í Ṣubú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Màámi ti dìde. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìtàn tí kò tètè sọ ẹni tó yè níbẹ̀.

Ní ìgbà òjò tó kọjá ni wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, tí eegun ìbàdí wọn sì kán. Ó ti jinná. Mo wo àwòrán eegun náà fúnra mi, ó so pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ rán mi lọ kọ́: kí n máa kọ́ ẹni tí eegun rẹ̀ ti jinná bí yóò ṣe tún rìn. Ọ̀pọ̀ àlejò ni mo ti kọ́. Màámi nìkan ni mi ò rí kọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á di apá àga mú, gbogbo ara wọn á le bí igi, wọ́n á ní àwọn ò ṣetán àti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo mọ̀, tí mi ò sì lè sọ lójú wọn, ni pé àgbàlagbà tó bá pẹ́ jù lórí ìjókòó, àìsàn àyà kì í pẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹnì kan péré ló kù fún mi.

Kò sí ọ̀pá ìtilẹ̀ kankan ní ọsíbítù wa. Ohun gbogbo ti wọ́n gógó lábẹ́ àwọn ológun yìí. Báńdéèjì pàápàá, a máa ń fọ̀ ọ́ sá sóòrùn ni. Káfíńtà tó ń kan bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi kan férémù onígi kan tí Màámi lè máa tì síwájú. Aṣọ ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni Màámi ti da aṣọ funfun bo tẹlifíṣàn. Ṣé ẹ rántí àwọn ọ̀sán ọjọ́ Àìkú wa? Ẹ ó ti túmọ̀ ìwàásù látẹ̀ẹ̀kan fún pásítọ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó bọ́ kóòtù, ẹ kì í tú táì, ẹ ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn bí ẹ ṣe ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ẹ ó máa túmọ̀ fíìmù Ṣáínà. Wọn ò sanwó oṣù fún ẹ̀yin tíṣà, kò sẹ́ran nínú ọbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín wa ń dé ojú títì. Alhaja agbo ilé kejì kì í pa á jẹ. Ará abúlé Alájùẹ ni ẹ pe bàbá arúgbó ọ̀mùtí tó ń jà nínú fíìmù náà. Ọ̀nà ìlú Awo ni ọ̀tá rẹ̀ máa ń gbà wá.

Nígbà tí mo mọ ìwé kà ni mo rí i pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí ẹ ń sọ tó wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti ń kà á? Kí ló dé tí ìtàn kan náà fi ń yí padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?

Mo ti fi ohun tí mo kọ́ rò ó wò. Nínú fíìmù ìjà yòókù, ẹni tó bá ṣubú ti parí. Nínú tiyín, ìṣubú gan-an wà lára ìjà. Bẹ́ǹṣì á yẹ̀ nídìí bàbá yẹn, yóò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì bá ọ̀tá lágbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ kì í le. Ara tó le ni ilẹ̀ máa ń ṣe léṣe; ara tó dẹ̀ máa ń rọra bá ilẹ̀ pàdé. Ẹni tó sì ń rẹ́rìn-ín kò lè mú ara le. Ohun tí mò ń fi orúkọ gígùn kọ́ àwọn èèyàn nìyẹn. Ẹ̀yin fi ẹ̀rín kọ́ wa, pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ṣí aṣọ funfun náà, mo ki kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà bọ inú fídíò, mo dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí. Mo túmọ̀ lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Mo ṣàlàyé orúnkún. Mo ṣàlàyé ibi tí ìwúwo ara ń gbà. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

Màámi pòṣé. “Jókòó,” wọ́n ní. “O ń ba fíìmù yẹn jẹ́. Bàbá rẹ kì í ṣe é báyìí.”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ohùn yín ni, Bàbá, èyí tó ń gba imú jáde. Ọ̀tá ará Awo wọlé, ó ń fọ́nnu, Alhaja ti ń di ikùn mú. Ni iná bá lọ. Alhaja ń wá bàtà kiri, Màámi bi í pé níbo ló ń lọ nígbà tí bàbá náà kò tíì mu ẹmu rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí àwòrán mọ́ tí yóò fi bó ṣe ń rìn hàn, wọ́n ti aṣọ kúrò lórí férémù, wọ́n dìde. Ọwọ́ kan di igi mú, ọwọ́ kejì di ife tí a kò rí. Ẹsẹ̀ tó kán ló kọ́kọ́ tẹlẹ̀. Orúnkún dẹ̀. Wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, èmi ń yọ́ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kí wọ́n má baà rántí ìbẹ̀rù wọn.

“Ẹ rọra o, ìyá ọ̀mùtí,” Alhaja ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wò mí. “Ṣé o rí i?” wọ́n ní. “Orúnkún ni.”

Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà bóyá wọ́n mọ̀ pé ńṣe lẹ ń hùmọ̀ ìtàn náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń béèrè bóyá odò Ọ̀ṣun ń ṣàn. Wọ́n ní àwọn gan-an ló ní kẹ́ ẹ pè é ní ará Alájùẹ, torí bí bàbá tó bí wọn ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ti oko bọ̀ sí Alájùẹ nìyẹn, láìfẹnu kan ẹmu. Ẹ ò sọ fún mi rí.

Lónìí, wọ́n ti férémù náà dé ẹ̀bá kànga, wọ́n sì padà. Aṣọ ti wà lórí okùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí wọn ò jẹ́ kó túmọ̀ fíìmù mọ́.