Ojú Kámẹ́rà Tí Kò Yíìká

Sokoura, Bouaké
Oṣù kẹta, ọdún 1996

Sọ̀fíyù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ruqoyyah ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí a kò tíì fojú rí. Ṣé Abidjan ń gbà yín? Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ara tiwa kò burú, àfi orúnkún mi, àti páànù ilé ìdáná tí atẹ́gùn ṣí lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, níbi tí o ti ní ìyá rẹ kọ̀ láti wá síbi ìsọmọlórúkọ, pé o dúró dè é ní ibùdókọ̀ Adjamé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Sèfíyátù ìyá rẹ ò kọ̀. Ó ti ra aṣọ ọmọ, ó ti din ẹran sínú ike. Èmi ni mo fà á, èmi àti kámẹ́rà rẹ, jọ̀wọ́ gbọ́ tẹnu mi kí o tó bínú sí i.

O mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti gé owó sẹ́fà sí méjì, abọ́ tí mo ń tà kò tà mọ́. Nígbà tí o fi kámẹ́rà ránṣẹ́, tí o ní kí n fi ojú kámẹ́rà àtijọ́, onígíláàsì tó ṣeé tú, tí mo rà fún ọ nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò sára rẹ̀, kí n máa ya fọ́tò fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, káàtì séjúù, mo dúpẹ́, torí ẹni tó ń wá káàtì pọ̀ ju ẹni tó ń wá abọ́ lọ níbí. O kọ ọ́ fún mi pé etí irin méjì wà lórí ojú náà, ìṣó kékeré kan sì wà lára kámẹ́rà, kí n jẹ́ kí ìṣó bọ́ sáàárín etí méjèèjì, kí n wá yí òrùka ojú náà sọ́tùn-ún dé òpin, kí n tún yí i sósì dé òpin. O ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa sọ fún kámẹ́rà bí òun ṣe lè là tó, pé bí kò bá sọ ọ́, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ á máa purọ́.

Sọ̀fíyù, ohun tó yé mi ni pé ojú náà ń kí kámẹ́rà. Ọ̀tún, òsì, kí ló tún kù? Yíìká ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo mọ yíìká bí mo bá rí i. Mo wá rò ó pé ojú yìí ti tó ọdún méjìlá nílé wa, kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àgbà kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Mo ní bí ẹnì kan yóò bá kí ẹnì kan, kí kámẹ́rà ló kí ojú. Mo tì í wọ ibẹ̀, ó dún kọ́, n ò yí nǹkan kan.

Èèyàn mọ́kànlá ni mo yà, ìyá rẹ, tó fẹ́ sọ káàtì rẹ̀ dọ̀tun kó tó wá sọ́dọ̀ yín, ṣe ìkejìlá. Ó fi òróró pa ojú, ó ní kí n ya òun dáadáa nítorí ọmọ-ọmọ òun. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò tán, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní kò burú, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kò mọ̀ wá. Wọ́n ní kí ìyá rẹ mú fọ́tò èèyàn wá, pé èédú lèyí. Ìsọmọlórúkọ ti ku ọ̀la, ó bá mú káàtì rẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ó wọkọ̀. Kí wọ́n tó dé Tiébissou lójú ọ̀nà Abidjan, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan fa káàtì náà ya, ó ní kí Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, padà síbi tó ti wá. Ó padà síbi tó ti wá lóòótọ́, Sokoura níbí, níbi tí wọ́n bí i sí. Látìgbà náà, kò bá mi sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ.

Thierry tó ń fọ fọ́tò ló là mí lóye. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kì í ṣe ìkíni, ojú náà ń sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mo tún ìyá rẹ yà, fọ́tò náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o lè ka ilà ojú rẹ̀. A gbé e lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní fọ́tò yìí dára, ó kù kó mú ìwé ibi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí wá, àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Oṣùọlálé bàbá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ Bouaké yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mú ìwé kankan wọ ibẹ̀.

Inú ń bí mi, ọmọ mi. Irin àti gíláàsì yí lẹ́ẹ̀kan péré, kámẹ́rà ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ti ń yíìká fún ìlú yìí fún àádọ́ta ọdún, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n.

Kọ lẹ́tà sí i, má kọ ọ́ sí mi, kí o sì tọrọ àforíjì. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó fíìmù kan àti páànù mẹ́ta ránṣẹ́. Ìyá rẹ kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́, nítorí náà ya fọ́tò ọmọ náà fún un. Yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, kí ojú rẹ̀ hàn kedere. Ọlọ́run á dá a sí, á wo ẹ̀yin náà, ìlú tí ẹ bí i sí á sì mọ̀ ọ́n kó tó darúgbó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàbítù