Ẹ̀bẹ̀ Mi Ṣì Wà Lórí Òkun

Liverpool. Ajé, 3 Oṣù Kẹrin, 1843
Mo ti kọ lẹ́tà náà! Ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Nígbà tí bébà kún, mo dá a dùbúlẹ̀, mo tún kọ ọ́ ní ìbú gba orí èyí tí mo ti kọ. Enos Thackray ni mo kọ ọ́ sí, ọ̀rẹ́ Silas, olóògbé ọkọ mi, ní Filadẹ́fíà lókè òkun. Òun ló ní kí n kó gbogbo ohun tí Silas fi sílẹ̀ fún mi yá ìjọba ìpínlẹ̀ wọn, pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ odò tí ọkọ̀ yóò máa gbà. Wọ́n gbẹ́ odò. Wọ́n wá ní kò sí owó èlé mọ́. Kí ni kí n máa jẹ — omi odò?

Mo ní, ogún ọdún lẹ fi ń pariwo pé ẹ ò lọ́ba. Ó dáa, ta ni n óò fẹjọ́ yín sùn? Ẹ ní òmìnira ni tiyín, ẹ sì ń ta ènìyàn lọ́jà. Olè ni yín, tọkọtaya!

Ọkọ̀ èéfín ni mo fi rán an, kó yára. Mo jẹ ẹyin méjì. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti jẹun tán kẹ́yìn.

Àbámẹ́ta, 8
Mo gbé! Lẹ́tà Enos dé. Ó ti kọ ọ́ kí tèmi tó kúrò nílẹ̀. Ó ta ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó fi owó èlé ọdún kan ránṣẹ́ sí mi láti àpò ara rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun nítorí ìjọba wọn. Lavinia ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Èmi sì pè é lólè! Bẹ́ẹ̀ orí oúnjẹ ni wọ́n ti máa ń ka lẹ́tà mi sókè, tọmọtọmọ.

Àìkú, 9
Mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 12
Mo kọ ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Jabez — Ahun ni mo ń pè é — bá mi mú un lọ sí èbúté. Ó padà dé, ó ń yọ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun ló fi rán an!
Ó ní, "Tabitha, ọ̀la nìyẹn ń lọ. Ti èéfín di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ẹ̀ tún wọ́n."
Mo ní, "Bọ̀dá, bí afẹ́fẹ́ ò bá wá fẹ́ ńkọ́?"
Ó ní, "Ṣé ẹja ni ẹ̀bẹ̀ tó fi máa rà?"

Ọjọ́bọ̀, 27
Aṣọ tí mo sá ò mì. Afẹ́fẹ́ ti kú.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kàrún
Lẹ́tà Filadẹ́fíà. Ó wúwo. Mo gbé e kalẹ̀, mi ò ṣí i. Ahun ní, "A ti sanwó ẹ̀, ṣí i jàre."

Ẹ̀bẹ̀ mi ò tíì débẹ̀. Èébú mi ni Enos ń dá lóhùn. Ó ní òun kà á sókè lórí oúnjẹ, ibi tí mo ti pè wọ́n lólè ni Lavinia ti bú sẹ́kún.

"Ẹkún ayọ̀ ni o, ìyàwó Silas. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kú, ìlà méjì péré lo máa ń kọ: mo wà, ẹ kú àlàáfíà. A rò pé ìwọ náà ń tẹ̀lé e lọ ni. Àfi ojú ìwé mẹ́rin èébú! Lavinia pariwo, 'Tabitha ti jí!' Ti àwọn ènìyàn tí à ń tà, òótọ́ lo sọ. Ti ọba, wo ojú ìwé kejì, mo ti bú ìwọ náà. Tún bú wa. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ, a óò mọ̀ pé àìsàn ìbànújẹ́ náà ti padà."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Ahun ò mọ èyí tí òun ì bá bá mi ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ mi ṣì wà lórí òkun. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ náà rì o. Ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó yára.