Ìtumọ̀ Lapa Kò Sí Létíkun

Taumako,
ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ìjọba dé

Losa, ọmọ mi àtàtà,

Ibà ìyá rẹ ti lọ, kókò ta dáadáa, a sì ń bẹ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ìlú Honiara má gbà ọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo rí fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì yín tó bá ọkọ̀ ìṣáájú wá, pé kí n kọ ìtumọ̀ lapa, ìmọ́lẹ̀ inú òkun wa, àti bí a ṣe ń lò ó sínú àpótí tí kò tó páálí ìṣáná. Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò mọ̀ pé a kì í kọ́ni ní lapa lórí ilẹ̀ ni? Bàbá mi kò sọ ọ́ fún mi létíkun rí. Mo bá ká fọ́ọ̀mù sínú ọ̀rá, mo fi bírò há etí, èmi àti ìyá rẹ wọ ọkọ̀, a lọ kọ ọ́ níbi tó yẹ.

Ilẹ̀ ṣú, ìkùukùu bo ìràwọ̀, erékùṣù wa ò hàn mọ́. Lapa kì í ṣe mànàmáná, kì í ṣe iná ara ẹja. Inú omi ló ti ń kọ yẹ̀rì, á gba ọ̀nà tààrà láti ibi tí ilẹ̀ wà wá bá ẹni tó sọnù. Tí a bá ti rí i, a ó dojú ọkọ̀ kọ ibi tó ti wá, a ó sì délé.

Mo ní kí fóònù tí o rà fún mi yà á. Fóònù yẹn ń jowú o! Iná tirẹ̀ ló tàn, ìyá rẹ tó ń yán ló yà. Omi ta sí i, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n gbé e sínú ìrẹsì, ó di ọjọ́ mẹ́rin báyìí, kò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Losa, mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Ìyá rẹ ló pariwo pé lapa rè é, lápá òsì, Bàbá Losa. Mi ò rí nǹkan kan. Ó tún ní òmíràn nìyẹn, àbí mo ti sùn ni. Mo la ojú títí omi fi ń dà lójú mi, òkùnkùn ni. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní atukọ̀ tí ìyàwó ń fọ̀nà hàn. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú. Òun ń tọ́ka, èmi ń tukọ̀, bí a ṣe délé nìyẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ìyá rẹ lè rí i, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá yàtọ̀ sí ti tòsí. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ bẹ̀ mí nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá pé kí n mú ọ lọ, mo ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo jẹ̀bi. Dárí jì mí.

Mo dá fọ́ọ̀mù padà. Iyọ̀ òkun nìkan ló wà nínú àpótí rẹ̀. Mo ṣì ń béèrè owó bí ìṣe mi o, àmọ́ má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀, kí o máa bọ̀ kí àsìkò ìjì tó dé. Ojú rẹ á rí i, ẹnu mi á sọ ọ́, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi kọ ọ́.

Ibi yòówù kí o ṣìnà dé, kí ilé máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Teholoki