Ọkọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́júbọ́lá,

Mo yege nínú ìdánwò! Ìjọ tó ní àwọn kò ní sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi mọ́ bí mo bá tún fìdí rẹmi bíi ti ọdún tí a sin Bàbá, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìkàrẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ń pariwo pé, "Olúrántí, di ẹrù ẹ, ipò kejì lo wà!"

N kò lè dúró kí ẹ ti oko dé kí n tó bá Tíṣà lọ. Ẹ má bínú, Bàbá ni mo kọ́kọ́ sọ fún, létí sàréè.

Ọbẹ̀ wà lórí ààrò.

Ọkọ́ tuntun tí Bàbá Rájí aládùúgbò wa ní kí alágbẹ̀dẹ rọ dè mí, pé n óò tún fìdí rẹmi, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi dá a padà fún wọn. Ẹ ní mo kí wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín kí ẹ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Àbúrò yín,
Olúrántí