Apá Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti Ẹ̀wù Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, mo kí ọ kú àìsùn-tó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ jẹ ọ́. Àdúrà kan náà yìí ni mo ti ń gbà láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá tí o ti kúrò nílé. N kò mọ bó ṣe ń jìnnà tó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti dá a dúró, kó má lọ jẹ́ pé òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́.

Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì ń rẹ èmi náà láìṣe nǹkan kan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì níléèwé, ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí fóònù kó tó yé mi, bó bá tilẹ̀ yé mi.

Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ nìyí. Iléeṣẹ́ yín, tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn, fẹ́ ra ọpọlọ tuntun fún àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nínú yàrá tútù. Ọpọlọ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ní apá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, èkejì ní mẹ́rìndínlógún péré ṣùgbọ́n apá tirẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìwọ ni wọ́n sì ní kí o dán wọn wò. Ìyá rẹ béèrè pé irú ọpọlọ wo ló ń ní apá. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé bí nǹkan ṣe ń rí ní ìlú ńlá nìyẹn. Ó tún gbọ́ pé ara elápá púpọ̀ yẹn máa ń gbóná débi pé ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tọ̀sán-tòru. Ó ní ibà ni, kí ẹ jẹ́ kára rẹ̀ yá ná kí ẹ tó ní kó sáré ìje. Mo rò pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ti ọ̀gá rẹ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní elápá púpọ̀ ló ń borí nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń béèrè nǹkan kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n nígbà ìṣirò ìparí oṣù, tí ìlà kan gbọ́dọ̀ dúró de ìlà kejì, elápá díẹ̀ ló ń fi ẹ̀yìn elápá púpọ̀ gbálẹ̀. Ọ̀gá sì ti ṣèlérí elápá púpọ̀ fún àwọn tó ni iléeṣẹ́. Ó ní kí o yọ ìdánwò ìparí oṣù kúrò nínú ìwé èsì rẹ, kí o sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì. O wá bi mí pé kí ni kí o ṣe.

N kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò rí. Mo bá ní kí n dán an wò nílé. Télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Àbúrò ìyá rẹ, Àǹtí Kíákíá, ló ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, òun nìkan, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mo yọ aago ara ògiri, mo gbé e sórí àpótí níwájú wọn, mo fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní aṣọ ìnujú méjìlá láti rán etí wọn. Télọ̀ ní ṣé Bàbá ti sọ òun di ẹṣin ni. Ìdajì wákàtí ni àwọn mẹ́rin fi parí, Àǹtí ṣì wà lórí ìkeje. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àlùmọ́gàjí tí ìyá rẹ fi ń gé òdòdó ni mo kó fún Àǹtí, mo bá fagi lé èsì náà, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Inú ẹnikẹ́ni kò dùn. Àwọn mẹ́rin náà ló tún borí.

Lẹ́yìn náà mo fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù kan ṣoṣo láti rán. Ẹni tó ń rán ọrùn ń dúró de ẹni tó ń rán èjìká, ẹni tó ń rán ẹ̀gbẹ́ ń dúró de ẹni tó ń rán ọrùn, ẹni kẹrin ń dúró de oúnjẹ. Wọ́n fa aṣọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ẹ̀gbẹ́ kan fi gùn ju èkejì lọ. Àǹtí Kíákíá ti ń rán bọ́tìnnì nígbà yẹn. Ó ní wọ́n kú ìjókòó o, bí wọ́n bá ń wá ẹnì karùn-ún tí yóò bá wọn wò ó, òun ti ṣetán.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló rẹ̀ mí. Télọ̀ bá mi délé. Ó ní àwọn kan fẹ́ gbé aṣọ ìgbéyàwó wá fún òun, bí wọ́n bá gbọ́ ti ẹ̀wù yẹn, ó parí nìyẹn. Ó wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà fi ti ìnujú sílẹ̀. Ti ẹ̀wù yẹn, ẹ bá mi ya á dànù.”

Ọmọ mi, ó wù mí kí n sọ fún ọ pé mo kọ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò kọ̀. Aládùúgbò rere ni, kò gbowó lọ́wọ́ mi rí tó bá bá mi tún ṣòkòtò ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn tó sọ òótọ́, kò sí èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n n kò ya á. Kì í kúkú ṣe pé télọ̀ kò mọṣẹ́, iṣẹ́ tí mo gbé fún un ni kò bá a mu. Bóyá bí o ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn. Má kọ pé elápá púpọ̀ kò dára. Kọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kọ èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí ọ̀gá rẹ lè rí ọ̀nà gbà jáde. Ìyá rẹ ní kí ẹ kúkú ra méjèèjì, kí ọ̀kan máa dá àwọn èèyàn lóhùn, kí èkejì máa ṣírò. Mo ní àwọn ọ̀gá ńlá á ti ro ìyẹn. Nígbà tó yá, mo bi ara mi pé ta ló sọ fún mi pé wọ́n ti rò ó.

Bí o bá yọ ọ́, tí o sì fọwọ́ sí i, ọmọ mi ṣì ni ọ́. N kò lè bínú sí ẹni tó ṣe ohun tí èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nítorí ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn máa pẹ́ níparí oṣù kò ní mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Awò ojú mi ti fọ́ lápá kan, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Má fi gba báńkì o. Nígbà tí mo lọ lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ tó ń pọwó bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì ti ṣèlérí fún ọ pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo bá padà sílé. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ibí, kó sì jẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí o tó gbé ìwé yẹn fún ọ̀gá rẹ. N kò sọ pé nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n pa ìlà yìí rẹ́, ó ní yóò dà bí ẹni pé mo ti mọ èyí tí o máa kọ.

Mo mọ̀ ọ́n. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.